Ewé tí kọ̀ǹpútà yàn: ṣé ó tó kí a tìtorí rẹ̀ pa oògùn ọkàn tì?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan èmi fúnra mi, nítorí pé láti inú àṣìṣe mi ni ó ti wá.

Mo ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà ní abúlé kan ní agbègbè Bantẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ́ èmi fúnra mi, láti kékeré títí mo fi jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Nítorí náà, bí ìwé kan bá dé ní èdè Faransé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa ń mú un wá, pé kí n sọ ohun tí ó wí. Inú mi a sì máa dùn. Ta ni inú rẹ̀ kì í dùn, bí àwọn àgbà bá jókòó yí i ká, tí wọ́n ń retí ohun tí yóò ti ẹnu rẹ̀ jáde?

Ní àsìkò kíkó kajú kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan mú fóònù rẹ̀ wá sí kíláàsì. Ẹnì kan ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ náà ní àwọn olùwádìí ti rí èròjà nínú ewé kan tí ó wọ́pọ̀ ní àyíká wa, pé èròjà náà lè dáàbò bo ọkàn tí ó ti fara pa. Mo kà á. Ibi mẹ́ta ni ó yẹ kí n ti dúró. Wọ́n kọ ọ́ pé èròjà náà "lè" ṣe é, wọn kò kọ ọ́ pé ó ń ṣe é. Wọ́n kọ "dáàbò bo", wọn kò kọ "wò sàn". Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Látìn kan, "in silico", tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo fò ó kọjá, mo sì wí fún kíláàsì pé: "Àwọn dókítà ti rí i pé ewé yìí ń wo àìsàn ọkàn."

(N kò ní dárúkọ ewé náà níhìn-ín. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀, ẹlòmíràn yóò lọ já a lọ́la.)

Ìyá kan wà nínú kíláàsì náà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ní ọdún tí ó ṣáájú, àyà ti dùn ún lójijì, òógùn bò ó, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé iṣan kan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn rẹ̀ ti dí, pé apá kan ọkàn náà ti kú. Láti ọjọ́ náà, oríṣi hóró oògùn mẹ́ta ni ó ń lò lójoojúmọ́. Owó oògùn náà ń jẹ owó kajú rẹ̀, ó sì ń jẹ owó iṣu rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí mo sọ, kò bi mí léèrè ohun kan. Ó lọ sílé, ó já ewé, ó sè é, ó sì kó hóró oògùn rẹ̀ sínú agolo, ó dé e.

Kò pẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́ nítorí pé èémí ń há a. Ní òru ọjọ́ kan, wọ́n gbé e sórí alùpùpù, ọmọ rẹ̀ dì í mú láti ẹ̀yìn, títí wọ́n fi dé ojú títì, wọ́n sì rí mọ́tò tí ó gbé wọn lọ sí Savalou.

Ìyá náà yè, ó sì padà wá. Nígbà tí mo lọ kí i, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní: "Dìde, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ ni o sè é fún mi." Òótọ́ ni, èmi kọ́ ni mo sè é. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kà á.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tí "in silico" jẹ́. Sílíkọ̀n ni ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ṣe ìwádìí náà. Ẹnikẹ́ni kò mu ewé náà. Eku pàápàá kò mu ún.

Ẹ lè bi mí pé: báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń dán ewé wò? Ẹ ronú nípa àgádágodo àti kọ́kọ́rọ́. Nínú ara wa, àwọn ohun kéékèèké kan wà tí ojú kò lè rí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní pùrótéènì. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Òmíràn ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún mọ́ra, òmíràn ń mú kí ọkàn lù. Ọ̀pọ̀ pùrótéènì ní kòtò lára bí ojú àgádágodo. Bí èròjà kan bá bá kòtò náà mu, yóò wọ inú rẹ̀, yóò sì dá iṣẹ́ pùrótéènì náà dúró tàbí kí ó yí i padà. Bí ọ̀pọ̀ oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Láti ọdún 1971 ni àwọn onímọ̀ ti ń kó àwòrán àwọn àgádágodo wọ̀nyí jọ sí ibi kan tí gbogbo ayé lè lò. Ó ti ju 200,000 lọ báyìí. Ní ọdún 2024 pàápàá, àwọn mẹ́ta tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, tàbí tí wọ́n fi ṣẹ̀dá pùrótéènì tuntun, ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́míṣírì: David Baker, Demis Hassabis àti John Jumper. Olùwádìí a mú àwòrán àgádágodo kan, a kó àwọn èròjà inú ewé sí i lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń dán kọ́kọ́rọ́ wò, kọ̀ǹpútà a sì fún kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Iṣẹ́ yìí kò jìnnà sí wa. Ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá-Àkókó, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ní Nàìjíríà, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ fún fífi kọ̀ǹpútà wá oògùn. Àwọn ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ewé tí àwọn bàbá wa mọ̀ ni wọ́n sì ń gbé yẹ̀ wò.

Èmi fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó sọ ìyókù, nítorí pé àwọn kan wà tí wọ́n ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ ewé ṣe yẹ̀yẹ́, n kò sì sí lára wọn. Aspirin tí dókítà ń fún ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí, èròjà inú èèpo igi kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ni ó kọ́kọ́ tọ́ka sí i. Captopril, tí ó jẹ́ oògùn ọkàn, oró ejò jararaca ti ilẹ̀ Bùràsíìlì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ejò náà bá ṣán, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a lọ sílẹ̀ gan-an. Sérgio Ferreira, ọmọ Bùràsíìlì, ni ó wádìí èròjà inú oró náà ní àwọn ọdún 1960. Lẹ́yìn náà, David Cushman àti Miguel Ondetti ní Amẹ́ríkà ronú sí bí ojú àgádágodo náà ṣe rí, wọ́n sì rọ kọ́kọ́rọ́ tí ó bá a mu. Ní ọdún 1981 ni wọ́n gbà á láàyè ní Amẹ́ríkà fún títà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó sọ pé captopril dára fún ọkàn tí ó ti fara pa. Wọ́n kó ènìyàn 2,231 jọ, àwọn tí apá kan ọkàn wọn ti kú. Wọ́n fún apá kan ní captopril, wọ́n fún apá kejì ní hóró tí kò ní oògùn nínú, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí èsì jáde ní ọdún 1992, níbi tí 100 ti kú lápá kejì, nǹkan bí 81 ni ó kú lápá àwọn tí wọ́n lo oògùn. Ti aspirin tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ènìyàn 17,187 ni wọ́n fi dán an wò, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1988. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, nǹkan bí 12 nínú 100 ni àìsàn ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ pa lára àwọn tí kò lo aspirin, nǹkan bí 9 nínú 100 ni ó pa lára àwọn tí wọ́n lò ó.

Irú hóró oògùn báyìí ni ó wà nínú agolo ìyá náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti lò ó, wọ́n sì ti ka àwọn tí ó kú àti àwọn tí ó yè. Ewé tí mo kà fún un lórí fóònù, máàkì láti inú kọ̀ǹpútà nìkan ni ó ní. Mo gbé àwọn méjèèjì ka orí òṣùwọ̀n kan náà níwájú rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kò ní ikùn, kò ní ẹ̀dọ̀, kò ní kíndìnrín. Kò mọ̀ bóyá èròjà náà yóò bàjẹ́ nínú ikùn kí ó tó dé inú ẹ̀jẹ̀, kò mọ̀ bóyá ẹ̀dọ̀ yóò fọ́ ọ. Kò mọ iye ewé tí a sè, tàbí iye omi tí a fi sè é. Kò mọ̀ bóyá ẹni tí ń mu ún ń lo oògùn mìíràn pẹ̀lú. Èyí tí ó bà mí lẹ́rù jù lọ ni pé kò fi oògùn hàn yàtọ̀ sí májèlé.

Ẹ gbé olómiòjò yẹ̀ wò, igi olódòdó aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn kan ń gbìn yí ilé ká. Èròjà inú èso rẹ̀ bá àgádágodo kan nínú ọkàn mu dáadáa. Bí ẹ bá kó o sínú kọ̀ǹpútà, yóò gba máàkì gíga. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Sri Lanka, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti jẹ èso náà kú, nítorí pé ọkàn ni ó ń dá dúró. Àgádágodo yìí kan náà ni digoxin ń wọ̀, oògùn tí dókítà ń fún àwọn ọlọ́kàn rírẹ̀ ní ìwọ̀n kín-ín-kín-ín. Inú ẹbí ewé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí dókítà William Withering kọ ìwé lé lórí ní ọdún 1785, ni digoxin ti wá. Withering fúnra rẹ̀ rí i pé bí ìwọ̀n bá ti pọ̀ jù, ewé náà di ewu.

Àwọn ọdẹ wa mọ èyí kí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n. Èso igi Strophanthus ni àwọn ọdẹ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà ń fi ṣe oró ọfà, oríṣi kan nínú rẹ̀ sì wà ní ilẹ̀ tiwa. Nígbà tí dókítà John Kirk bá Livingstone rìn ní odò Zambezi, láàárín ọdún 1858 sí 1863, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ wà nínú àpò kan náà pẹ̀lú oró yìí. Ó fọ eyín, ó sì kíyè sí i pé bí ọkàn òun ṣe ń lù ti yí padà. Láti ibẹ̀ ni Thomas Fraser ní Edinburgh ti yọ èròjà inú rẹ̀, tí ó di oògùn ọkàn ní Yúróòpù. Ohun kan náà ni ó pa ẹtu tí ó sì gba ènìyàn là. Ìwọ̀n ni ó yàtọ̀. Ta ni ó lè wọn ìwọ̀n yẹn nínú ìkòkò lórí ààrò?

Lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ni eku. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ jẹ́ kí a fi etí sílẹ̀ dáadáa. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n ti ń sọ pé ewé kan dáàbò bo ọkàn, wọ́n kọ́kọ́ ń fún eku ní omi ewé náà fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń ba ọkàn jẹ́, kí wọ́n wò ó bóyá ìbàjẹ́ náà yóò kéré. Ewé náà ni ó ṣáájú, ìpalára ni ó tẹ̀ lé e. Ní ti ìyá wa, ìpalára ti ṣáájú. Apá ọkàn tí ó bá ti kú kì í tún hù bí ewé ẹ̀fọ́. Àpá ni ó ń dá, ìyókù ọkàn a sì máa ṣe iṣẹ́ apá tí ó ti kú mọ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ni hóró oògùn rẹ̀ ń mú fúyẹ́. Ìdí nìyí tí "dáàbò bo" kò fi jẹ́ "wò sàn". Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún méjèèjì, èmi ni mo mú èyí tí kò tọ́.

Ewé mìíràn ti kọjá kọ̀ǹpútà àti eku, ó ti dé ọ̀dọ̀ ènìyàn. Èyí tí mo lè dárúkọ láìbẹ̀rù ni ìṣápá pupa, tí àwọn ìyá ń sè tà ní ìgò, tí a ń pè ní bisáàpù. Ní Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn kan nínú ènìyàn 65 ní ife omi ìṣápá mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní omi tí ó jọ ọ́. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Tánsíọ̀n àwọn tí wọ́n mu ìṣápá lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí 7. Àwọn yòókù, nǹkan bí 1.

Kíláàsì mi pariwo nígbà tí mo kọ 7 yìí sí ara pátákó. Ṣùgbọ́n ìṣirò wà nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá wọn tánsíọ̀n yín ní ilé ìwòsàn wa, wọ́n á ní 14 lórí 9, tàbí 18 lórí 11. Ohun tí a ń pè ní 14, 140 ni wọ́n ń kọ ọ́ níbòmíràn. Nítorí náà, 7 tiwọn kò tó 1 nínú kíkà tiwa. Ẹni tí ó wà ní 18, tí ìṣápá ṣe ohun tí ó ṣe ní Boston fún, yóò wà ní 17 àti díẹ̀. Ewu kò kúrò lórí rẹ̀. Ẹ sì rántí pé àwọn tí tánsíọ̀n wọn kò ga púpọ̀ ni wọ́n fi dán an wò níbẹ̀, wọn kò mú ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti fara pa. Ẹ mu ìṣápá yín, ó dára, ṣùgbọ́n ẹ dín ṣúgà rẹ̀ kù. Ẹ má kàn fi dípò hóró oògùn.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fún mi. Wọn yóò ní: "Ọmọ, ewé kò gba owó lọ́wọ́ wa. Oògùn ń gba owó lóṣooṣù." Ọ̀rọ̀ gidi ni, n kò sì ní fi ẹnu lásán dá a lóhùn. Ìyá náà kò kúrúkúrú gbàgbọ́ nínú ewé ju oògùn lọ. Ohun tí mo kà ni ó fún un ní ààyè láti sinmi lọ́wọ́ ìnáwó. Bí owó bá há, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni kí a ti sọ ọ́, kí wọ́n wò ó bóyá oògùn mìíràn wà tí ó dínwó, kí wọ́n sì sọ èyí tí a kò gbọdọ̀ dá dúró rárá. Bí a bá ń mu ewé, kí a sọ èyí náà, kí a má tijú. Ní abúlé wa, àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ àjọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nígbà tí kajú bá tà, fún oògùn àwọn tí ó ní tánsíọ̀n láàárín wọn, nítorí pé ìgbà òjò, nígbà tí iṣu tuntun kò tíì jáde, ni owó máa ń tán tí oògùn sì ń tán pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá náà ni ó dá a lábàá.

Ní ti àwa tí a ń ka ìwé fún ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ olùkọ́, ìbáà jẹ́ àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, èrò mi ni pé kí a má ṣe túmọ̀ irú ìròyìn yìí mọ́ láìkọ́kọ́ sọ ibi tí ìwádìí náà dé. Bí a kò bá mọ ibi tí ó dé, kí a sọ pé a kò mọ̀ ọ́n. Ó ti nira fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn àgbà. Ó ṣì ń nira.

Mo ti fi ẹfun ya ìlà méjì sí ara pátákó wa, ó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: kọ̀ǹpútà, eku, ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá mú ìròyìn ewé kan wá, a ó jọ kà á, a ó sì kọ orúkọ ewé náà sí abẹ́ ibi tí ó dé. Abẹ́ kọ̀ǹpútà ti kún. Abẹ́ ènìyàn, ìṣápá nìkan ni ó wà níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Iwájú ni ìyá náà ń jókòó sí báyìí. Nígbàkígbà tí mo bá mú ẹfun, kí n tó kọ ohunkóhun, òun ni yóò kọ́kọ́ bi mí pé: "Olùkọ́, ènìyàn mélòó ni ó mu ún?"